Citroën DS tí ìdí ẹ̀ kò gbéra: ta ló mọ̀ ọ́n ní Àbújá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ gbà mí. Citroën DS ọdún 1968 tí bàbá ìyàwó mi fi sílẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ní Kubwa. Tá a bá ṣíná sí i, iwájú á gbéra sókè, ṣùgbọ́n ìdí ò ní kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ yìí kò ní sípíríǹgì. Ọ́ìlì àti gáàsì inú bọ́ọ̀lù irin ló ń gbé e. Mẹkáníìkì kan ní ká da ọ́ìlì bíréèkì sí i. Èèwọ̀! LHM, ìyẹn ọ́ìlì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yìí, nìkan ló ń lò, ọ́ìlì bíréèkì á jẹ rọ́bà ẹ̀ run. Bọ́ọ̀lù tó ti kú, líle ló máa ń mú ọkọ̀ le, nítorí náà fáàfù tó ń díwọ̀n gíga ẹ̀yìn ni mo fura sí. Àbí páìpù ló dí? Ta ló lè tú u yẹ̀ wò ní Apo tàbí Kàdúná, níbo ni mo sì ti lè rí LHM gidi rà?