Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ní Japan, kí lojú yín rí?

Sikọ́láṣíìpù ìjọba wọn tí à ń pè ní MEXT ló gbé mi lọ. Kí n tó kúrò nílé, màmá mi ti sọ fún gbogbo ìyá ìjọ pé ọmọ òun ń lọ ṣe másítà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo débẹ̀ tán ni mo rí i pé "kenkyusei" ni wọ́n kọ sínú ìwé mi: ẹni tó ń ṣèwádìí lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò tíì wọ másítà rárá. Mo ṣì máa ṣe ìdánwò àbáwọlé kí másítà ọlọ́dún méjì yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá féèlì ńkọ́? Mi ò sọ fún màmá mi o.

Níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó o wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́. Yàrá ìwádìí rẹ̀, kenkyushitsu, lo máa jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Tiwa ní pátákó kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, tí orúkọ kálukú wà lára mágínẹ́ẹ̀tì: àyè kan fún "ó wà níbí", òmíràn fún "ó ti lọ sílé". Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, aago márùn-ún lù, mo sún tèmi sí "ó ti lọ sílé". Gbogbo yàrá dákẹ́. Ọmọkùnrin ọlọ́dún 23 kan tẹ̀ lé mi jáde, ó rọra ní sensei, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n wa, kò tíì lọ. Mo ti pé 30 nígbà yẹn, ṣùgbọ́n òun ni senpai mi, torí ó ṣáájú mi débẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bí ìyàwó ṣe ń pe ọmọdé ilé ọkọ ní "ọkọ mi".

* * *

Ẹ̀yin tí ìjọba ń sanwó fún, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Èmi ni mo sanwó ara mi. Ní yunifásítì ìjọba, iye tí wọ́n fi lélẹ̀ nígbà tèmi ni yen 535,800 lọ́dún, yàtọ̀ sí 282,000 tí o máa san lẹ́ẹ̀kan péré láti wọlé. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé èèyàn lè kọ̀wé kí wọ́n dín in kù. Ìgbà tí mo kọ ọ́, wọ́n yọ ìdajì. Ìyókù, konbini ni mo ti ń rí i, ṣọ́ọ̀bù tí kì í tì tọ̀sán tòru. Wákàtí 28 lọ́sẹ̀ lòfin gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, bó o bá ti gbàwé àṣẹ. Ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ o, fíísà ni wọ́n máa fi mú yín.

* * *

Dìgírì àkọ́kọ́ lèmi ṣe, ọdún mẹ́rin. Lọ́dún kẹta, àwọn ẹgbẹ́ mi kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí wọ kóòtù dúdú wá sí kíláàsì. Mo rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá! Shukatsu ni wọ́n ń pè é.

* * *

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá mo wọlé: mo ṣèdánwò lóṣù kẹjọ, mo yege, mo bẹ̀rẹ̀ másítà lóṣù kẹrin tí ọdún ẹ̀kọ́ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Màmá mi pè. "Ó ti pé ọdún kan o, ó ku mélòó?" Mo ní ó ku méjì. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé o fìdí rẹmi ni?"