Wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ kan nínú ìtàn ìgbésí ayé Màmá Àgbà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oorun ò kun ojú mi látàná. Màmá Àgbà wa papòdà lẹ́ni ọdún 86 ní Abẹ́òkúta níbí, èmi sì ni ẹbí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ ọ́ tẹkún-tẹkún. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń ta adìrẹ ní Ìtòkú, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, tí ọwọ́ wọn á dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, tí wọ́n á sì máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó o lálẹ́ Sátidé nítorí Oúnjẹ Olúwa. Mo kọ nípa Bíbélì wọn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí wọ́n fi òwú rán. Ìyá Ìjọ ni wọ́n, ẹ̀yin ará!

Dádì Ìbàdàn, ọmọ Màmá, gba ìwé, wọ́n kàn fi bírò fagi lé ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, wọn ò pè mí. Àwọn kan náà ló ní léèsì olówó gọbọi la máa rà. Ẹni tó fi gbogbo ayé pa aṣọ láró, a ò ní fi adìrẹ sin wọ́n! Ọ̀la ni òǹtẹ̀wé fẹ́ gba iṣẹ́. Ṣé kí n dá ọ̀rọ̀ yẹn padà láìsọ fún wọn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n fagi lé? Ẹ ò sọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má fọ̀rọ̀ léèsì ṣeré. Nígbà tá a sin ìyá bàbá mi, èmi ni mo gbé owó aṣọ sílẹ̀. Títí dòní, àwọn kan ò tíì san. Mo bá yín fọwọ́ sí adìrẹ.

Akọ̀wé Ìjọ: Ọmọ mi, ẹbí ló lòkú. Má tẹ ohun táwọn àgbà máa fà ya lójú àlejò. Àlùfáà náà á fẹ́ rí ìwé yẹn kó tó di títẹ̀. Ṣé ẹ ti wá káàdì owó ìjọ Màmá?

Olùbéèrè: Wọn ò jẹ gbèsè ìjọ kankan, sà. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí Màmá bí kí wọ́n tó wọlé ọkọ ni.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ẹ fi sílẹ̀. Ṣé inú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ ti dójú ti Ìyá Ìjọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ojútì wo? Ọmọ ni, kì í ṣe olè.

Ìyá Ìbejì: Ìwọ ò tíì sin ìyá tìẹ, o ò lè mọ̀.

Akọ̀wé Ìjọ: Ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó wà láyé? Kí ló wí?

Olùbéèrè: Ìyá mi ni.

Àwọn ló wẹ Màmá, tí wọ́n fún wọn lóúnjẹ títí ẹ̀mí fi bọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó lọ, àwọn ò fẹ́ ìjà níbi pósí ìyá àwọn. Èmi ò gbà. Màmá fúnra wọn ló sọ fún mi pé nítorí oyún yẹn, ìjọ ò jẹ́ kí àwọn jẹ Oúnjẹ Olúwa fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ṣì ń lọ ní gbogbo Sunday, wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á gbé ìyá mi sẹ́sẹ̀. Wọ́n ní tí mo bá máa kọ nǹkan kan nípa àwọn, kí n kọ ìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Olúwa ò. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ má bínú sí mi.

Akọ̀wé Ìjọ: Orúkọ ìyá rẹ á wà nínú ìwé ìrìbọmi ìjọ. Kọ orúkọ gbogbo ọmọ tẹ̀léra, má dárúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Ti ìjókòó ẹ̀yìn yẹn, ìyá rẹ ni kó o bá sọ ọ́ lálẹ́ òní, kì í ṣe òǹtẹ̀wé.

Olùbéèrè: Tá a bá to orúkọ, ìyá mi ló máa ṣáájú, sà. Dádì Ìbàdàn sì ni gbogbo ìlú mọ̀ sí àkọ́bí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìdí tí wọ́n fi fagi lé e nìyẹn!

Akọ̀wé Ìjọ: Pe ìyá rẹ.