Ẹsẹ̀ mi kò tó kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ tí mo fi owó mi rà

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́. Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọ̀dọ́ mi ni Mazda MX-5 àkọ́kọ́, èyí tí iná iwájú rẹ̀ máa ń yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ti ń wù mí. Nígbà tí mo rí tòkunbọ̀ ọdún 1996 kan tó ti Amẹ́ríkà wá, gbogbo owó àjọ mi ni mo kó lé e. Mo ti ṣèlérí fún àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi pé òun ni n ó gbé wá sí Ojúde Ọba. Àmọ́ mi ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Bí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń kàn án, jíà á sì máa ké kí ó tó wọlé. Mẹkáníìkì àdúgbò wa gbowó lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti fa kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì sókè, síbẹ̀ n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó wá ń pariwo mọ́ mi pé n kò mọ ọkọ̀ wà. Ọkọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, ìyá ọkọ mi ní kí n tà á. Lánàá tí mo ń bọ̀ láti Odògbolú, ọlọ́kadà kan tún ń ké lé mi lórí pé iná bíréèkì mi kò kú, bẹ́ẹ̀ ni òórùn ìjóná kan ń gún mi nímú. Gbogbo ayé ló ń bá mi wí. Báwo ni mo ṣe lè mú pẹ́dà súnmọ́ mi?

Màmá Ṣágámù: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bàbá wa máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó obì láti Ṣágámù lọ sókè Ọya, èèyàn kúkúrú sì ni òun náà. Pákó ni ó fi rọ́bà dè mọ́ pẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ń wà á bẹ́ẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Fi tìmùtìmù sẹ́yìn, kí o sì wọ bàtà tó nípọn.

Ẹ̀gbọ́n Ìpẹru: Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Bí rọ́bà bá já, tí pákó bọ́ sábẹ́ bíréèkì, kò sí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́. Tìmùtìmù rírọ̀ pàápàá, bí ẹsẹ̀ ti ń ti kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀yìn yóò máa rì sínú rẹ̀. Àfikún pẹ́dà onírin wà tí a ń fi nọ́ọ̀tì dè, ṣùgbọ́n bí a bá fi sí bíréèkì, a gbọ́dọ̀ fi sí èyí tí a fi ń tẹná pẹ̀lú, kí a sì gbé ibi tí gìgísẹ̀ ń dúró lé sókè.

Màmá Ṣágámù: Ọdún mélòó ni ìwọ fi wa ọkọ̀ akẹ́rù? Pákó bàbá wa kò bọ́ rí.

Bùọ̀dá Ìkẹnnẹ́: Kí ló dé tí o kò ra ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì? Ojú lẹ fi ń ra ọkọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Bùọ̀dá, ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi fi kọ́ mi kí wọ́n tó kú. N kò ní tà á.

Mẹkáníìkì, Ṣágámù: Àǹtí, ẹ má wa ọkọ̀ yìí mọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo wa fo ohun tí ọlọ́kadà yẹn rí. Bí iná bíréèkì kò bá kú, ó ṣeé ṣe kí pẹ́dà má padà kan swíìṣì rẹ̀ mọ́. Òórùn ìjóná sì jọ ti bíréèkì tí kò tú táyà sílẹ̀. Ẹni tó fa ọ̀pá tí pẹ́dà fi ń ti bíréèkì gùn jù ti gba ààyè díẹ̀ tó yẹ kí pẹ́dà ní kí ó tó ṣiṣẹ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Fífa kílọ́ọ̀ṣì sókè kò gbé ilẹ̀ ọkọ̀ súnmọ́ yín. Ibi tó yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dé kí jíà tó wọlé ṣì lè jìnnà sí ẹsẹ̀ yín. Sítíárìn rẹ̀ kì í gbé sókè tàbí sílẹ̀, nítorí náà àga ló kù. Níbo ni ẹ sún un dé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Kò sún rárá. Mo rò pé bí ọkọ̀ eré ṣe máa ń rí nìyẹn. Àga pupa ni, irú ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Ẹni tó tà á fún mi, èèyàn gíga gan-an, ló fi sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ìpẹru: Háà! Ìyẹn ni ò bá kọ́kọ́ sọ.

Mẹkáníìkì, Ṣágámù: Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Mo ti wò ó. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dè é mọ́ irin pẹlẹbẹ kan. Kò sí ojú irin tí àga ń yọ̀ lé, kò sì sí ọ̀pá tí a ń fà níwájú.

Mẹkáníìkì, Ṣágámù: Àga tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ní méjèèjì. Òun ni kí ẹ wá, pẹ̀lú ojú irin rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́lídà kankan jó irin mọ́ ọn. Bí ẹ bá sún un tán, ẹ wọn àárín igbá-àyà yín sí àárín sítíárìn: kó má dín sí sẹ̀ǹtímítà 25, nítorí àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń fi agbára bẹ́ jáde. Bí ẹsẹ̀ kò bá tó níbẹ̀, nígbà náà ni kí a sọ̀rọ̀ àfikún pẹ́dà.

Màmá Ṣágámù: Ọmọ mi, má fi bíréèkì yẹn jáde o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ ọkọ mi, Màmá. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ yóò gbé e wá sí Ṣágámù láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara tòkunbọ̀, ẹ bá mi bèèrè àga ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọ̀ yòówù kó jẹ́.