Ṣé àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń fa egbò ìfun ńlá?

Àǹtí Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbúrò mi ọkùnrin ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ fún oṣù mélòó kan, gbogbo ilé sì gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, títí dókítà fi fi ẹ̀rọ wo inú ìfun rẹ̀, tó sì sọ pé ulcerative colitis ni, ìyẹn egbò inú ìfun ńlá. Ní báyìí, ẹnì kan fẹ́ kí a sanwó láti yẹ àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìgbẹ́ rẹ̀ wò, kí òun sì ta kápúsù tí yóò tún wọn ṣe fún wa. Ṣé ó ti dájú pé àwọn kòkòrò wọ̀nyí ló fa àìsàn náà?

Olùkọ́ Agbowó:
Ẹ kú ìtọ́jú o, Àǹtí. Ó dájú pé kòkòrò inú ìfun aláìsàn yàtọ̀ sí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Pé ìyàtọ̀ náà ló bí àìsàn ni kò tíì dájú. Nínú ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 2019, wọ́n tọpa ènìyàn 132 ní Amẹ́ríkà fún ọdún kan, wọ́n sì rí i pé bí àìsàn bá ru sókè, àwọn kòkòrò tí kò lè gbé níbi tí oxygen wà máa ń dínkù, tí àwọn tó lè fara dà á sì ń pọ̀ sí i. Àwọn kan nínú àwọn tó ń dínkù yìí ló ń sọ oúnjẹ tí kò dà nínú wa di butyrate, èyí tí ara ìfun ńlá fi ń ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìfun tó wú, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, lè lé wọn lọ fúnra rẹ̀: pé eku sá kúrò nínú ilé tó ń jó kò sọ pé sísá rẹ̀ ló dá iná sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá:
Ṣebí ògì àti irú wa kún fún kòkòrò rere? Mo kà á pé lọ́dún 2010, wọ́n fi àwọn ọmọ abúlé kan ní Burkina Faso wé àwọn ọmọ ìlú Florence ní Ítálì, ti Burkina Faso tó ń jẹ ọkà bàbà àti ẹ̀wà sì ní oríṣiríṣi kòkòrò jù.

Olùkọ́ Agbowó:
Òótọ́ ni, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ara wọn le ni wọ́n yẹ̀ wò. Ìwádìí náà kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ẹ sì rántí pé iná ti pa púpọ̀ nínú kòkòrò ògì kí ó tó di ẹ̀kọ mímu.

Nọ́ọ̀sì Orítamẹ́fà:
Àǹtí, ẹ bi olùtajà yẹn pé kí ni èsì àyẹ̀wò rẹ̀ yóò yí padà nínú ìtọ́jú. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó wúlò ni calprotectin, tí ń fi hàn bóyá ìfun ṣì wú, àti èyí tí a fi ń wá amoeba, kòkòrò àìfojúrí kan, nítorí òun náà ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Bí dókítà bá fún àbúrò yín ní oògùn mesalazine, kí ó má ṣe dá a dúró nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá. Oògùn yẹn ni kì í jẹ́ kí egbò tètè padà. Ẹ kó gbogbo àgbo tó ti mu lọ́wọ́ bí ẹ bá ń padà lọ rí dókítà.