Ẹ gbà mí o: kí ni kí n rà fún ìṣirò JSS 1 nílé?

Ìyá Ewéoore (Ìbàdàn)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ilé la ti ń kọ́ ọmọ mi níwèé, Ọjọ́ Ẹtì yìí la sì máa parí ọdún ẹ̀kọ́ wa. Praímárì 6 lọmọ mi ṣe tán, JSS 1 ló kàn. Kí ni kí n rà fún ìṣirò? Owó wà lọ́wọ́ báyìí, ẹ̀rù ń bà mí kó má ná tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lónìí.

Bàbá Tòmíwá
Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ma. Ẹ ò sọ ibi tọ́mọ náà mọ̀ ọ́n dé. Ẹ kọ mẹ́jọ yìí sínú pépà láàárọ̀ ọ̀la, kó ṣe é láàárín ogójì ìṣẹ́jú, kó má fọwọ́ kan kalikulétọ̀:
7000 − 2864
906 ÷ 6
1/2 + 1/3
3/4 nínú 60
0.4 × 0.3
15% nínú 800
LCM 12 àti 18 (nọ́ńbà tó kéré jù lọ tí 12 àti 18 lè pín láìṣẹ́kù)
Kí la máa fi kún 17 kó tó di 42?

Ẹ má kàn ka iye tó gbà, ẹ wo ohun tó kọ. Tó bá kọ 2/5 sí ìkẹta, ńṣe ló ń ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Tó bá kọ 1.2 sí ìkarùn-ún, ó mọ 4 × 3, ipò tí nọ́ńbà wà lẹ́yìn pọ́ìntì ni kò yé e. Ọmọ tí ìdá (irú 1/2 àti 1/3) ò bá yé, áljẹ́brà JSS 1 máa dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́, ìwé yòówù tẹ́ ẹ bá rà.

Màmá Ṣeun
Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má sanwó fún tíṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì o! Owó ọdún kan gbáko la san níbì kan. Ní táàmù kìíní, wọ́n pààrọ̀ tíṣà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ 28 ló wà nínú kíláàsì kan. A ní kí wọ́n dá owó padà, wọ́n ní kò sí nínú àdéhùn.

Ìyá Ìbejì (Abẹ́òkúta)
Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ibo nìyẹn ká lè sá fún un?

Alábòójútó
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ níbí.

Kúnlé A.
Kì í ṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ̀bi. Owó ọdún kan tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ máa san án lóṣooṣù. Kẹ́ ẹ tó san, ẹ bèèrè orúkọ tíṣà, iye ọmọ inú kíláàsì (tó bá ti ju mẹ́jọ lọ, ẹ kúrò níbẹ̀), iye tí wọ́n máa dá padà tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ láàárín táàmù, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́mọ sì kọ́kọ́ jókòó kíláàsì kan wò.

Màmá Ṣeun
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ orúkọ tíṣà sílẹ̀ fún wa náà. Orúkọ yẹn la ò rí mọ́ lọ́sẹ̀ kẹta.

Kúnlé A.
Ìdí tí mo fi ní lóṣooṣù nìyẹn, ma.

Ìyá Ìbejì (Abẹ́òkúta)
Èmi ò rí ìdí tí òbí fi máa gbé ìṣirò JSS 1 fún ẹlòmíì. Kò fi bẹ́ẹ̀ le.

Kúnlé A.
Òbí tó ń lọ ọjà láago márùn-ún ìdájí ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀yọ́
Ẹ fi Yorùbá kọ́ ọ ní ìṣirò orí. Mọ́kàndínlógún, ogún ó dín ọ̀kan ni. Torí náà, 46 − 19: yọ 20 kó ku 26, dá 1 padà, 27. Márùndínlógójì, ogójì ó dín márùn-ún. 82 − 35: yọ 40, ó ku 42, dá 5 padà, 47. Ọ̀nà náà wà nínú orúkọ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ó sì dùn mí pé a ò fi kọ́ wọn mọ́.

Ìyá Ìbejì (Abẹ́òkúta)
Ṣé Yorùbá ni wọ́n máa fi ṣèdánwò ni?

Ọmọ Ọ̀yọ́
27 kan náà ló máa kọ sílẹ̀, ma.

Tíṣà Gbénga
Ẹ kó ìwé iṣẹ́ tó ti ṣe jọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí kí ọdún yìí tó parí. Fáìlì kan fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ mẹ́ta láti táàmù kọ̀ọ̀kan, ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí, kí déètì wà lórí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú un wọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n lè béèrè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣe BECE, ìdánwò àṣejáde ní JSS 3, ẹ tètè wá ilé-ẹ̀kọ́ tó máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gba NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba) rẹ̀ báyìí, torí wọ́n lè béèrè rẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe WAEC. Ẹ mú NIN tiyín dání lọ. Kí orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí bá ìwé ìbí mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Bàbá Tòmíwá
Ìṣirò ni wọ́n béèrè, sà.

Dèjì Kọ̀ǹpútà
Ọ̀fẹ́ ni Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí dátà bá wọ́n, ẹ fi Kolibri, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń gbé ẹ̀kọ́ Khan Academy, sórí laptop kan, ẹ gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gba gbogbo rẹ̀ o, ó tóbi gan-an, á kún laptop yín. Apá ìdá àti áljẹ́brà ìbẹ̀rẹ̀ ti tó.

Ìyá Ewéoore (Ìbàdàn)
Ó ti ṣe mẹ́jọ yẹn. Ó gba márùn-ún. 2/5 ló kọ lóòótọ́. Ó tún kọ 1.2. LCM, ó fi í sílẹ̀.

Bàbá Tòmíwá
Ẹ ṣeun, ma. Ẹ gé pépà gígùn kan, sẹ̀ǹtímítà 24 gééré. Ẹ ní kó ká a sí méjì: 12 ni ìdajì. Ẹ gé òmíì tó gùn tó bẹ́ẹ̀, kó ká a sí mẹ́ta: 8 ni ìdámẹ́ta. Kó to 12 àti 8 tẹ̀lé ara wọn: 20 nínú 24, ìyẹn 5/6. Lẹ́yìn náà, kó wọn 2/5 lórí pépà kan náà. Kò ní í tó 10. Á fojú ara rẹ̀ rí i pé 2/5 kéré sí ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kì í sábà gbàgbé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n. LCM, ìdí tá a fi nílò rẹ̀ nìyẹn náà: 2 àti 3, 6 ló gba àwọn méjèèjì. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí September tó dé. Ẹ má tíì ṣí ìwé JSS 1.

Ìyá Ewéoore (Ìbàdàn)
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti bá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa sọ̀rọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ láago mẹ́rin. Mo sì ti ra ìwé JSS 1 ní Dùgbẹ̀ láàárọ̀ yìí, tíṣà náà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ewé kìíní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Ewéoore ló ń lo laptop.

Bàbá Tòmíwá
Ó dáa, ma. Ẹ fún tíṣà náà ní pépà ìdánwò yẹn, èyí tọ́mọ kọ gan-an. Ẹ má nu 2/5 náà kúrò níbẹ̀.