Ibà tó ń lọ tó tún ń bọ̀: ta ló ti kó àìsàn lára ẹran rí?

Ọmọ Yàgbà, Ìsánlú

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ewúrẹ́ mi kan ń rọbí láìtíì tó ọjọ́. Nígbà tí mo fi dé ìdí ẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ti yọ, kò jáde mọ́. Ọwọ́ lásán ni mo fi fà á. Òkú ni, irun ò tíì hù lára ẹ̀. Ibi ọmọ há, mo tún kiwọ́ bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ tí mo fi bó ẹ̀gẹ́ lánàá ọjọ́ náà ti gé mi ní àtàǹpàkò. Mo fi ewé nu ọwọ́, mo fi omi ṣàn án, mo jókòó ti ẹ̀kọ mi.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ibà dé. Kì í ṣe èyí tó ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ o. Lọ́sàn-án, mo ń lọ oko. Tó bá di alẹ́, màá làágùn débi pé mo lè bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì kí n fún un kí omi dà nílẹ̀. Ìyàwó mi ní òógùn náà ń rùn bí koríko tó ń rà. Ìbàdí ń ro mí, orúnkún ń ro mí. Ó lọ, mo dúpẹ́. Ó tún padà.

Kẹ́mísìtì fún mi lóògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Níbòmíì wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, mo gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ní ká gorí òkè lọ gbàdúrà.

Nígbà tó di oṣù kẹta, dókítà ọ̀dọ́ kan ní Ìlọrin bi mí ní ohun tí ẹnì kankan ò bi mí rí: "Bàbá, ṣé ẹ ń sin ẹran? Oyún bàjẹ́ lára ìkankan láìpẹ́?" Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé brucellosis ni, àìsàn tí èèyàn ń kó lára ẹran. Ó ní dókítà ológun kan, David Bruce, ló rí kòkòrò rẹ̀ ní erékùṣù Malta ní 1887, wọ́n sì padà mọ̀ pé inú wàrà ewúrẹ́ ni àwọn ọmọ ogun ti ń kó o. Ewúrẹ́ ṣáá!

Ọ̀sẹ̀ 6 ni mo fi lo oògùn apakòkòrò méjì, doxycycline àti rifampicin, pọ̀. Rifampicin yẹn sọ ìtọ̀ mi di pupa bí ọsàn, àyà mi já.

Nọ́ọ̀sì Kàbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ò dárúkọ núnú, wàrà kíkan. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní fi bòmubòmu sè, iná ti kàn án. Núnú tí wọ́n ń pò mọ́ fúrà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni kò rí iná rí, kíkan tó sì kan ò ní kí kòkòrò yẹn kú. Èmi máa ń gbé tèmi kaná. Ìyá tí mo ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo ba núnú jẹ́. Ó kúkú ń bàjẹ́ lóòótọ́, gbogbo ẹ̀ á dì kókó-kókó.

Alásè, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀

Tèmi kì í ṣe ẹran ààyè. Ìnáwó òkú ni. Pákó tí a fi gé adìyẹ tútù, òun náà la fi gé kábéèjì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èèyàn mọ́kànlá ti ń sá lọ sẹ́yìn ilé, èmi alásè wà lára wọn. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà la fi gbé bàbá arúgbó kan ró: ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, lítà omi kan.

Àgbẹ̀ Ẹ̀gbẹ̀

Ní 2023 tí wọ́n rí anthrax, àìsàn ẹran tó lè pa èèyàn náà, ní Suleja ní ìpínlẹ̀ Niger, màlúù kan ṣubú kú lójijì nítòsí oko wa, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú ẹ̀, kò dì. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń pọ́n àdá. Mo pe dókítà ẹran, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ là á, ká gbẹ́ kòtò jíjìn. Àwọn kan ò tíì kí mi dáadáa títí dòní, wọ́n ní mo fi ẹran bọ́ ilẹ̀.

Ọmọ Yàgbà, ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?

Ọmọ Yàgbà, Ìsánlú

Mo ti tà á lọ́jà kí n tó mọ̀. Mi ò tún rí ẹni tó rà á mọ́.