Ta ló ń kó ìwé àtijọ́ jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo jogún àpótí ìwé bàbá mi àgbà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú àkọtọ́ (ìlànà kíkọ èdè Yorùbá) ti 1974 ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn tó ń kọ “aiye” àti “enia”. Lẹ́tà òjé ni wọ́n fi tẹ òmíràn: bí mo bá fi ìka ra ẹ̀yìn ewé rẹ̀, ọwọ́ mi ń bá ojú lẹ́tà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀!

Ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ẹ̀yìn ìwé méjì. Mo sá wọn sóòrùn, ni ewé wọn bá ń ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú tiyín? Ṣé ẹgbẹ́ olùfẹ́ ìwé kankan wà nítòsí, tàbí ní Ọ̀yọ́? Bí kò bá sí, ta ló ṣetán ká jọ dá a sílẹ̀?